Ògiri Ìyá Rẹ̀ Ló Ń Tà

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ má sáré fò ó. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Inú á bí yín. Ó yẹ kó bí yín.

1.
Oníbátànì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ya fọ́tò ara nǹkan: ara pákó, ara irin tó dípẹtà, ara aṣọ tó ti ṣá. Á gbé e sórí kọ̀ǹpútà, á so etí ọ̀tún mọ́ tòsì, á so òkè mọ́ ìsàlẹ̀, á wá pa ojú ibi tí wọ́n ti pàdé rẹ́, débi pé èèyàn ò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìpolówó ló ń rà á láti fi tẹ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ wọn.

Ọjà ò tà, títí ó fi ya ògiri yàrá ìyá rẹ̀. Páànù ibẹ̀ ń jò. Ọ̀dà ògiri ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ìlà kan sì ti sán láti abẹ́ àjà wá sórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlà náà ni àmì dúdú roboto kan wà, níbi tí màmá máa ń fi orí tì tó bá jókòó.

Àfi gìrì! Gbogbo ayé ń ra ògiri.

2.
Àbúrò ìyá rẹ̀, bíríkìlà tó ń gbé nílé kejì, fi ìka kan ògiri náà. Yanrìn dà ṣùrùrù.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ògiri yìí ti kú o. Lọ́la ni mò ń gbé sìmẹ́ǹtì bọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Òun là ń jẹ."

"Ògiri tó ń jẹrà? Gbé e lọ sí yàrá tìẹ nígbà náà, kóo máa sùn tì í!"

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Fi ọmọ mi sílẹ̀, jàre. Ògiri mi ti dé òkè òkun, èmi tí mi ò ní ìwé ìrìnnà."

"Màmá, tí mo bá ti ya èyí tó kù tán, a ó tún un ṣe."

3.
Èyí tó kù ò tán mọ́. Bí ìlà náà ṣe ń fẹ̀ ni oníbàárà ń pọ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ògiri gbẹ, ẹwà rẹ̀ sì dín kù. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ṣe: ó pọn omi sínú korobá, ó ń bù ú da sára ògiri yàrá ìyá tó bí i, kí èbu lè hù sí i!

"Ọkọ mi, otútù ń mú ẹ̀yìn mi," màmá wí, ó ń wúkọ́. "Jẹ́ n wá sùn sí yàrá kejì."

"Kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, Màmá. Tí a bá kó ẹrù tútù yín wọ ibẹ̀, ọ̀rinrin á bà á jẹ́. Ẹ fara dà á díẹ̀ sí i."

Ọ̀rinrin ò gbọdọ̀ kan kọ̀ǹpútà o. Ìyá ló lè kàn.

4.
Òjò àkọ́kọ́ dé lọ́sàn-án. Oníbátànì jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fi orin dí etí, ó ń so etí ìlà tuntun pọ̀. Tábìlì mì. Kó tó sáré dé yàrá ìyá rẹ̀, ògiri ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọwọ́ lásán ni bíríkìlà, tó ti sáré dé, fi wú màmá jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

"Ó pè ẹ́," ó ní, ekuru bò ó lójú. "Mo gbọ́ ọ nílé mi. Ó ń pè ẹ́ ṣáá. Níbo lo wà?"

Oníbátànì yọ orin kúrò létí.

Ó ti pa fọ́tò náà rẹ́ báyìí, àmọ́ àwọn tó ti rà á ò lè dá a padà. Ó ń bá a pàdé lẹ́yìn ìpolówó ọṣẹ, lára ike omi, lára pátákó ńlá létí títì. Lórí pátákó yẹn, àmì orí ìyá rẹ̀ wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ó wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Kò níbẹ̀rẹ̀, kò lópin. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣọ́ra! Tí òbí yín bá ní otútù ń mú òun, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí. Ẹ má ní ẹ fẹ́ parí iṣẹ́ kan ná. Iṣẹ́ kì í tán. Ìyá a máa tán.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíì. Àmọ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ dìde, ẹ lọ wo ògiri yàrá ìyá yín.