Ibi Tí Àmì Bá Wí

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́rú ni Ọ̀gá àti Rédíò dé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó láti tọrọ àforíjì. Rédíò ni wọ́n ń pe obìnrin ẹnjinníà náà ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tẹlifóònù wọn, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ yẹn, kò sọ ju "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ.

"Ó yẹ kójú tì ọ́," Ọ̀gá wí bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn. "Nọ́ńbà kan ṣoṣo lo tẹ̀ ṣì. Ogójì ìṣẹ́jú ni ìlà wọn fi dàrú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá tí wọ́n wá rí jókòó létí fèrèsé, ó wọ súwẹ́tà tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò bá ihò mu. Ẹ̀ka kejì ilé ìtọ́jú náà ni ìyàwó rẹ̀ wà, lọ́dọ̀ àwọn tí àìsàn wọn le. Láràárọ̀, bí aago mẹ́wàá bá ti lù, bàbá á tẹ 204, nọ́ńbà yàrá ìyàwó, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀. Ọ̀sán Ọjọ́ Ajé ni ìyàwó náà kú. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an, ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ni Rédíò ṣe àṣìṣe rẹ̀.

Rédíò kúnlẹ̀. Ọ̀gá ló sọ̀rọ̀, ó sì gbóhùn sókè, nítorí etí bàbá ti ń di.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá sọ sínú fóònù, ẹ̀rọ á gé e wẹ́wẹ́, á dì í ní ìdì-ìdì. Lẹ́nu ọ̀nà wa, a máa ń lẹ àmì mọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀rọ tó wà láàárín ọ̀nà kì í ka àdírẹ́sì. Àmì yẹn nìkan ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń tì í síwájú."

"Kí ló dé tí wọn ò ka àdírẹ́sì?"

"Kó lè yá ni, sà. A sì tún lè yan ọ̀nà tí kò há fún ohùn. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù nìyí: ẹ̀yin ní 204, ilé ìwé kan ní 204, ọ́fíìsì tiwa náà ní 204. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń gbà. Àmì ló ń yà wá sọ́tọ̀, kí ẹrù ẹnìkan má baà kó sílé onílé."

"Bí àmì bá wá ṣì ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè lọ́nà, sà. Ibi tí àmì bá wí ló ń lọ." Ọ̀gá wo Rédíò. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn: nọ́ńbà àmì yín la tẹ̀ ṣì. A gba ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ forí jì wá."

"Ta ló ní ẹ gbà á?" bàbá wí. "Mo pè é. Ó gbé e."

Ọ̀gá fa àga kan, ó jókòó.

Bàbá wolẹ̀. "Ọdún kejì ìgbéyàwó wa, lẹ́tà dé pé wọ́n ti gbà á sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo fi í pamọ́. Mo ní kò dé. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń wo ojú ẹ̀ bí olè. Ní Ọjọ́ Ajé, mo ní kí n jẹ́wọ́ kó tó pẹ́ jù. Àìsàn ti ba ohùn ẹ̀ jẹ́, n ò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ohun tó ń sọ. Àmọ́ mo gbọ́ ìparí ẹ̀ ketekete: 'Mo ti dárí jì yín. Ẹ lọ sinmi.'" Ó fi apá súwẹ́tà nu ojú. "Torí náà dìde, ọmọ mi. O ò ṣẹ̀ mí."

Rédíò kò dìde.

"Àbí ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ ni?"

"Ojú ló ń tì í, sà."

Nígbà tí wọ́n padà dénú ọkọ̀, Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Orí wa ò burú! Aago bàbá yẹn ló ń sáré. Ó ti pè é kó o tó ba nǹkan jẹ́. Ó yá, la ẹnu ẹ báyìí. O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Rédíò wí, ó kọjú sí fèrèsé.

Kò sọ fún un pé 204 ọ́fíìsì wọn, tẹlifóònù orí tábìlì òun, ló dún láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun sọ fún bàbá náà pé ó ṣi nọ́ńbà pè tí kò gbọ́, àti pé kó lè gbé fóònù sílẹ̀ kíákíá, kóun ráyè tún àmì náà ṣe, lòun fi dá a lóhùn pé, "Mo ti dárí jì yín. Ẹ lọ sinmi."