Tábìlì Àárín Pálọ̀

"Ẹ má sún un, màdáámú!"

"Ṣé tábìlì lẹ fi háyà fún mi ni, àbí ilé?"

"Ilé ni. Tábìlì ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀."

"Láńdílọ́ọ̀dù, kò jẹ́ kí n rí tẹlifíṣọ̀n mi."

"Ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n lọ sí kíṣìnnì!"

Gbádéyan fọwọ́ méjèèjì tẹ tábìlì mọ́lẹ̀.

Inú ilé yìí, ní Kábbà, ló ti ń gbé látìgbà tí wọ́n ti bí i. Wọ́n ṣe tìràǹsífà ẹ̀ lọ sí Ìsánlú, ló bá fi ilé háyà fúngbà àkọ́kọ́. Àná ni Rhoda, ará Òkè-Bùkún, kó wọlé.

Gbádéyan ò sọ fún un pé abẹ́ tábìlì yẹn ni wọ́n sin bàbá òun sí, orúkọ wọn wà lórí sìmẹ́ǹtì gàdàgbà.

Bí Rhoda bá rí i, á kó jáde. Ta ló tún máa gba ilé náà?

Rhoda fìdí ti tábìlì. Ó sún.

Gbádéyan fò mọ́lẹ̀, ó fi àyà bo orúkọ náà, ó nà gbalaja.

"Láńdílọ́ọ̀dù, mo mọ̀ pé bàbá wa ló wà níbẹ̀."

"Bàbá ta ni?"

Rhoda na fọ́tò sí i. Bàbá Gbádéyan ni, nígbà tí wọ́n ń ṣe tísà l'Òkè-Bùkún, wọ́n gbọ́mọ jòjòló dání. Wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀: "Èmi àti Rhoda, àkọ́bí mi."

"Okun o, mo kí ẹ, àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí. Bó o ṣe dọ̀bálẹ̀ yẹn, mo gbà á."

Gbádéyan dìde, ó gbọn aṣọ, ó jáde sójú títì.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò, mo borí! Ayálégbé mi ò ní kó jáde mọ́ láéláé!"