Ọdún Méje Tí Dróònù Kò Já Bọ́

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀gbẹ́ni Mákindé fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìkọ̀lé kó tó fẹ̀yìntì. Lẹ́yìn náà ló ra dróònù kan ṣoṣo, tó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níbi tó ti ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń wà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá parí rẹ̀ á gba ìwé ẹ̀rí tí Mákindé fọwọ́ sí. Bí ẹni tó fọwọ́ sí fún bá lọ sọ dróònù lu ọmọ ènìyàn, ilé ẹ̀kọ́ di títì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé àṣẹ rẹ̀, ó sì ti fi rúlà fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Bàbá Lánípẹ̀kun wọlé. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, ó wọ kakí tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì fi ìwé àkọsílẹ̀ kan tó nípọn há abíyá.

“Ẹ kú uṣẹ́ o, tíṣà. Ìwé ẹ̀rí dróònù ni mo wá gbà.”

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun.”

“Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ń retí mi lóko. Wọ́n fẹ́ kí n máa bá wọn fi dróònù wo ibi tí kòkòrò ti wọ iṣu àti ẹ̀gẹ́ wọn. Bí ìwé ò bá dé ọwọ́ wọn lónìí, wọ́n á mú ọmọdékùnrin kan láti Adó. Ọdún méje ni mo ti ń wà á, kò já bọ́ rí. Kí ni mo tún fẹ́ jókòó kọ́?”

Dára, obìnrin tó ń bá Mákindé ṣiṣẹ́, gbójú sókè nídìí tábìlì rẹ̀.

“Bàbá, gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn so tirẹ̀ kọ́ sórí igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyẹ ti yé sínú rẹ̀.”

“Kò fara balẹ̀ ni. Èmi, ulé mi ni mo jókòó sí tí mo kọ́ ọ. Ìfẹ́olúwa ọmọ mi ló fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ láti Kánádà.”

“Ta ló ti rí yín rí níbi tí ẹ ti ń wà á?”

“Ìyàwó mi. Ẹ lọ bi í. Ojoojúmọ́ ló ń bá mi jà lé e lórí.”

Mákindé ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà. Gbogbo ìgbà tí bàbá ti wa dróònù ló wà níbẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, aago, bí atẹ́gùn ṣe le tó, bó ṣe ga tó, bó ṣe balẹ̀. Pupa ni wọ́n fi kọ ti atẹ́gùn. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìgbà. Ní gbogbo ọdún tó fi ṣe tíṣà, Mákindé kò tíì rí ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ́ tó báyìí tó wá fìdí rẹmi.

“Mo rí òjò níbí, ẹ̀gbọ́n.”

“Òjò ò dí mi lọ́wọ́ rí.”

“Àwọn aládùúgbò ńkọ́?”

“Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ sùn rí.”

“Kí ló dé tí ẹ ò gbé tiyín wá?” Dára ló bèèrè.

“Ìyàwó mi ní kò gbọdọ̀ kúrò nílé.”

Mákindé mú ìbéèrè àṣekágbá wá, ogójì ìbéèrè. Ìṣẹ́jú ogún kò tíì pé tí bàbá fi gbé bíìrò sílẹ̀. Ó gba gbogbo rẹ̀. Ó tún kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹtàdínlógún pé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ kò tọ́. Mákindé lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé òfin. Kò tọ́ lóòótọ́. Ọdún kejì nìyẹn tó ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè yẹn.

Ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí, ó lu òǹtẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí Kúnlé, alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀, lórí Wásáàpù. Kúnlé fèsì lójú ẹsẹ̀ pé àwọn ti dá ti Adó dúró.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wa ńkọ́, sà?” ni Dára wí.

“Ta ni yóò kọ́ ọ? Ìwọ àbí èmi?”

“Ó kéré tán, kí bàbá gbé e sókè ká fojú rí i.”

“Kí ọkàn rẹ lè balẹ̀,” ni Mákindé wí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ṣí àpótí dróònù.

Wọ́n jáde sí pápá. Dára gbé dróònù sórí koríko, ó sì fún bàbá ní rìmóòtù. Bàbá kò wò ó rárá tí àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì fi lọ jókòó síbi tó yẹ kí wọ́n wà. Mákindé fi ìgúnpá gún Dára.

Bàbá kò gbé e sókè. Ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Ó lóṣòó, ó na ìka kan, ó fi kan ọ̀kan nínú fáànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fáànù náà sì yí díẹ̀. Ó yára fa ìka rẹ̀ padà.

“Ẹ dákun, tíṣà,” ló wí, “ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí tí kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà?”