Ẹja Ike Pópó Àgùdà

Kò sí oníbàárà tí Àrẹ̀mú télọ̀ kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn mú, ṣùgbọ́n tó bá ti rí Mariyah, ahọ́n rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Tíṣà ni Mariyah ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti rí ọkùnrin kan fún un ní Ìjẹ̀bú, wọ́n sì ní kó fèsì láàárín oṣù méjì. Láti ọjọ́ tí Àrẹ̀mú ti gbọ́, oorun dá lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń rí ara wọn. Bàbá Gregory, àgbà káfíńtà Pópó Àgùdà, ló kó àwọn ará àdúgbò jọ, kí wọ́n máa ṣa ìgò ike tí òkun ń gbé wá sí etíkun Tákwà, kí wọ́n fi ṣe ẹja ńlá kan sójú pópó. Mariyah ló ń fọ ike funfun, tí wọ́n fi ń ṣe ara ẹja. Àpò Àrẹ̀mú ni gbogbo ènìyàn ń ju ike dúdú sí. Á rọ iyanrìn kún wọn, á tò wọ́n sábẹ́ ẹja kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àrẹ̀mú gbé bírò, ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ fẹ́ Mariyah, ó ká bébà náà sínú ike funfun kan, ó sì lọ jù ú síbi tí ọmọbìnrin náà máa gbà kọjá. Mariyah ṣà á. Inú Àrẹ̀mú dùn débi pé ó ṣa bàtà ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ mọ́ ìdọ̀tí.

Sátidé kejì, Mariyah ń rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá Àrẹ̀mú, àpò yín fúyẹ́ o." Ó ju ike dúdú kan sí i.

Àrẹ̀mú kọ lẹ́tà mìíràn, ó tún kọ òmíràn. Mariyah kò dárúkọ lẹ́tà kankan. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ̀rín rẹ̀ ti tán. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó la ike dúdú mọ́ àpò Àrẹ̀mú bí ẹni ń lé ajá. Àrẹ̀mú gbà pé òun ti ṣẹ̀ ẹ́, ó sì lọ bú sẹ́kún nínú ilé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹja, Pópó Àgùdà ń hó. Àwọn ìyá arúgbó ń ya fọ́tò lẹ́nu ẹja, Bàbá Gregory ń jó láìsí ìlù. Mariyah wá dúró níwájú Àrẹ̀mú.

"Ọ̀la ni mo máa fún àwọn ẹbí mi lésì. Ṣé ẹ ò ní nǹkan kan tí ẹ fẹ́ sọ?"

Ahọ́n tún lẹ̀. "Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i," ni ohun tó jáde.

Mariyah pòṣé, ó fi ìbínú ta ike kan nípàá lábẹ́ ẹja. Ìdérí fò, iyanrìn dà sílẹ̀, bébà kan sì yọrí. Àrẹ̀mú bẹ̀rẹ̀ mú un, ó tú u.

Ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà ni, ó gún régé: "Bọ̀ọ̀dá Àrẹ̀mú, láti orí lẹ́tà yín àkọ́kọ́ ni mo ti gbà, èsì kẹrin rèé tí mo ń jù sínú àpò yín, àbí ẹ ò mọ̀wé kà ni?"