Kí Ló Máa Fà Yín Padà?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá ìwé ìrìnnà gbẹ́nàgbẹ́nà náà padà fún un láìsí físà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni owó físà sì wọgbó. Torí náà, inú ti ń bí i kó tó jókòó.

Obìnrin tó wà lódìkejì tábìlì ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ tábìlì kan kúrú, gbogbo rẹ̀ ń mì, gbẹ́nàgbẹ́nà sì mójú kúrò níbẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ gbafẹ́ ni, mà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mú èèyàn gbafẹ́ dé títì rí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lára. "Ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù."

Ó ti ìwé báńkì àti tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ síwájú obìnrin náà, ìyẹn ò tilẹ̀ wò wọ́n. Ọmọ kan bú sẹ́kún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Kí ló máa fà yín padà wálé?"

Ìbéèrè yìí ló gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti há ìdáhùn sórí.

"Ìyá mi wà nílé. Mo bímọ mẹ́ta. Mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ẹ̀rọ ìfági tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, mo sì nílẹ̀ tí mo fẹ́ kọ́lé sí."

"Ó tán?"

"Ó tán."

"Ẹ rò ó dáadáa."

Ó fọwọ́ lu tábìlì. "Kí ni mo tún fẹ́ rò? Ṣé torí pé bírò wà lọ́wọ́ yín lẹ ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Èèyàn á sanwó, á tò bí ẹlẹ́wọ̀n, ẹ ó tún máa tọpinpin! Gbogbo ohun tí mo ní láyé nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ jàre!"

"Kí n kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!"

Obìnrin náà kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ka ohun tó kọ lẹ́ẹ̀mejì láti òkè délẹ̀, ó wá dé bírò.

"Mo kọ̀ yín," ló wí.

"Nítorí kí ni?"

Obìnrin náà bọ́ gíláàsì ìyá ọkọ rẹ̀ sórí tábìlì ìdáná tí ọkọ fúnra rẹ̀ kàn, ó ní, "O ka ẹ̀rọ ìfági, o ò ka ìyàwó, bó o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn onífísà lọ́la, sọ fún wọn pé o níyàwó rí," ó sì lọ gbé ọmọ wọn tó ń sunkún.