Igbó Ìgbín Tí Ládèjọ Tọ́jú

Nígbà tí Àríyìbí ń lọ sí ìdálẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló fi igbó etí odò lé lọ́wọ́, níbi tí ìyá wọn ti ń ṣa ìgbín. "Ládèjọ, bá mi tọ́jú ẹ̀." Ọjọ́ tó padà dé tòun tewú lórí, Ládèjọ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo tọ́jú ẹ̀ débi pé koríko ẹyọ kan ò sí níbẹ̀. Ẹ lọ fojú ara yín rí i."

Ìrọ̀lẹ́ ló débẹ̀. Àgbàdo oúnjẹ adìyẹ ló bá títí dé etí omi, oògùn apakoríko sì ń rùn. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àsìkò tí kọ̀ǹkọ̀ máa ń gba orin lẹ́nu ara wọn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ kọ̀ǹkọ̀, kò gbọ́ ìrẹ̀. Ẹ̀fọn pàápàá ò kùn sí i létí.

Ìgbà náà ló gbọ́ kó, kó, bí ẹni ń ju nǹkan sínú agbọ̀n. Arúgbó obìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àgbàdo.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Kí lẹ ń ṣà?"

"Ìgbín."

"Ìgbín kẹ̀? Wọ́n ti pa wọ́n tán, ìyá."

"Mo mọ̀. Mo bẹ àbúrò rẹ títí. Ó ní ìwọ lo rán òun."

Arúgbó náà gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó wọ inú àgbàdo lọ, ewé kan ò mì. Ìkarahun funfun ló kún inú agbọ̀n. Bí ìgbín bá fà ni ìkarahun ń tẹ̀lé e. Àwọn wọ̀nyí ò ní ìgbín nínú, wọ́n sì ń fà bọ̀ wá bá Àríyìbí.