Tapólì Orí Ihò Èéfín Màmá Olúbùsọ́lá

Gbádébọ̀ jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ méjì kò lè jáde lẹ́nu rẹ̀: "Mi ò mọ̀" àti "Mo ṣe àṣìṣe." Kì í ṣe ìkà, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dìde tí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n tó bá bu iyọ̀ jù sọ́bẹ̀, á ní ahọ́n ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni kò dáa. Victoria ìyàwó rẹ̀ máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ẹkún ni ẹ̀rín náà máa dà.

Ní ìparí oṣù kìíní, ìjì líle kan jà. Ó ṣí òrùlé Màmá Olúbùsọ́lá, opó kan tó ń gbé nítòsí Parsloes Park ní London. Ó wó ihò èéfín orí ilé náà, òjò sì ń gba ibẹ̀ wọ pálọ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní kí Màmá ṣì ní sùúrù. Àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun tí Màmá ń lọ kò lè wò ó níran. Ní Sátidé, àwọn mẹ́jọ gbé àkàbà, sìmẹ́ńtì àti kúlà ìrẹsì wá. Gbádébọ̀ ni olórí wọn, torí pé ó kọ́ṣẹ́ bíríkìlà fún ọdún kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó tó wá sí London.

Wọ́n to òrùlé, ó ku ihò èéfín. Òjò ti ń ṣú. Gbádébọ̀ fa tapólì bo ihò náà, ó sì fi sìmẹ́ńtì lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ́lẹ́wà, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ tó ń kọ́ iṣẹ́ gáàsì, kígbe láti ìsàlẹ̀.

"Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí ibẹ̀ o! Ibẹ̀ ni èéfín iná gáàsì tí Màmá fi ń yáná ní pálọ̀ ń gbà jáde. Tí kò bá ríbi jáde, ó lè pa èèyàn."

"Ta ló ń kọ́ mi níṣẹ́ yẹn? Ọmọ àná! Nígbà tí mo ti ń po sìmẹ́ńtì, ìwọ ò tíì mọ àkàrà yàtọ̀ sí búrẹ́dì."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ́lẹ́wà kò rẹ́rìn-ín.

"Ó kéré tán, Ọ́ńkù, ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n má tan iná yẹn."

"Màá sọ fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ London, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n Gbádébọ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Gbádébọ̀, bí o ṣe bo ilé mi yìí, Olúwa á bo ọmọ rẹ." Àdúrà náà dùn mọ́ ọn. Tó bá ní kí Màmá má tan iná, ṣé kì í ṣe pé iṣẹ́ òun kò pé nìyẹn? Ó jẹ ìrẹsì rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, orí ń fọ́ Màmá, ó sì ń bì. Wòlíì Akínrẹ̀mí, olórí ìjọ wọn, pe Gbádébọ̀ lórí fóònù.

"Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ilé yẹn? Àbí ká pe ẹni tó mọ̀ nípa iná wá wò ó?"

Gbádébọ̀ rí tapólì náà lójú inú rẹ̀ kedere.

"Kò sí nǹkan tó ṣe ilé, Bàbá. Ìjì yẹn ni kò wá lásán. Àdúrà la máa gbà."

Ó rò ó pé tó bá di Sátidé, òun á yọ́ gun òkè lọ yọ tapólì náà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n èéfín nìwà, rírú ní í rú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Wòlíì lọ gbàdúrà fún Màmá. Nínú ìjọ wọn, àbẹ́là tí a bá tàn fún aláìsàn kò gbọdọ̀ kú kí a tó ka Sáàmù méje tán. Nítorí náà, Wòlíì ti gbogbo fèrèsé kí atẹ́gùn má baà pa á, ó sì fi aṣọ dí ìdí ilẹ̀kùn. Òtútù mú. Màmá tan iná gáàsì.

Gbádébọ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Barking nígbà tó pe Victoria láti béèrè ọmọ wọn.

"Tiwaladé ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ Màmá. Wòlíì ní ọmọdé ni kó di àbẹ́là mú. Dádì Tiwa, kí ló ṣe ohùn yín?"

Ó pe fóònù Màmá, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó pe ti Wòlíì, kò sẹ́ni tó gbé e. Ìka rẹ̀ dúró lórí nọ́ńbà àwọn pánápaná. Wọ́n á bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó fi fóònù sápò, ó sáré wọ takisí.

Láti ojú fèrèsé, ó rí àbẹ́là méje tó ń jó geere. Màmá tẹ̀ sórí àga. Wòlíì dojú bolẹ̀. Tiwaladé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná pẹ̀lú sùtánà rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣeré. Gbádébọ̀ figbe ta. Haneef, aládùúgbò Màmá, ló fi bíríkì fọ́ fèrèsé, òun náà ló pe áḿbúláǹsì.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè ẹni tó mọ ibi tí èéfín ti wá. Ọmọ́lẹ́wà yíjú sí Gbádébọ̀.

"Ọ́ńkù, ẹ ní ẹ máa sọ fún wọn."

"Èmi ni mo dí ihò èéfín náà," ni Gbádébọ̀ sọ. "Mo ṣe àṣìṣe." Victoria bu sẹ́kún.

Màmá àti Wòlíì yè é. Ilé ẹjọ́ dá Gbádébọ̀ lẹ́bi, ìjọ sì gba ipò olórí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ gan-an ń bẹ nílé. Tiwaladé yè, àmọ́ èéfín náà ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n títí dòní. Láràárọ̀, bàbá rẹ̀ máa ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti bá a de bọ́tìnnì aṣọ iléèwé.

"Dádì, ṣé ọwọ́ mi á padà dáa?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Mi ò mọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kà á fún wọn, ẹ fi èyí sọ́kàn: kò sí ìtìjú nínú kéèyàn ní òun kò mọ̀, tàbí kó ní òun ṣì í. Àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́, ó lè má ná wa ju ìtìjú ọjọ́ kan lọ. Èyí tí a bá fi pamọ́ á wá wa délé. Ẹ ṣoore, ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má fi àdúrà bo ohun tí ọwọ́ yín bàjẹ́. Tí ọmọdé bá sì kígbe pé ewu ń bẹ, ẹ dúró, ẹ gbọ́ ọ.